Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́: ẹ má tíì da òògùn sí i

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ mi ti pé ọdún 19, ó sì ti rin 260,000 kìlómítà. Mo ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, mo rí nǹkan dúdú tó ki bíi gírísì lábẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná tí mo sì dúró nínú gosiló, iná ọ́ìlì a máa ṣẹ́jú. Tí mo bá tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀, á kú. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra òògùn ìfọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí n dà á mọ́ ọ́ìlì. Òmíràn ní tí mo bá dà á pẹ́nrẹ́n, ẹ́ńjìnnì máa kú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Mo tún fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù fún ìyàwó mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí tòun náà bá ní irú àìsàn yìí?

Ìdáhùn: Ní ti ọkọ̀ tiyín, mẹkáníìkì kejì ló sún mọ́ òótọ́. Òògùn ìfọ̀ ẹ́ńjìnnì ní ibi tó ti wúlò, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná ọ́ìlì ń sọ fún wọn pé ọ́ìlì ti dín tàbí pé ó ti dọ̀tí. Kò mọ ìyẹn rárá. Prẹ́ṣọ̀ (agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì káàkiri ẹ́ńjìnnì) nìkan ló mọ̀, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kì í sì í fọhùn títí prẹ́ṣọ̀ á fi já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4 sí 7 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka prẹ́ṣọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń ní ju 10 psi lọ bó bá ti gbóná tó sì dúró sójú kan. Bí iná bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà rìn jìnnà títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ má sì da ohunkóhun sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ́ìlì tó bá dín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ní ná yín lówó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró fún bíi ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì tó wà lókè lè ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un tì bọ̀ ọ́, kí ẹ wá kà á. Bí ọ́ìlì kò bá dé àmì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì pọ́ǹpù lè máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá ń yà sọ́tùn-ún sósì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, láti àmì ìsàlẹ̀ dé tòkè tó bíi lítà 1. Ẹ fi ìdajì lítà kún un, ẹ tún un wò, ẹ má dà á kọjá àmì òkè. Kí ẹ tó dá géèjì padà, ẹ gbóòórùn ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù tó sì ń ṣàn bí omi, epo ló ń jò wọ inú rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti mú prẹ́ṣọ̀ lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí mẹkáníìkì yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, kó sì so mítà prẹ́ṣọ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀. Mítà onírin tó ní abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n lò. Kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan títí fáànù rédíétọ̀ yóò fi tan tó sì kú lẹ́ẹ̀mejì, torí kíkà tí wọ́n bá ṣe nígbà tí ọ́ìlì ṣì tutù kò wúlò fún wa: ọ́ìlì tutù máa ń ki, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ á sì dára kódà nínú ẹ́ńjìnnì tó ti ń kú lọ. Kí wọ́n kà á níbi ìdúró, kí wọ́n tún kà á ní 2,000 àti 3,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Òfin táwọn mẹkáníìkì mọ̀ ni 10 psi fún gbogbo 1,000 rpm. Ìwé ọkọ̀ yín ló ga ju òfin yìí lọ, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan gba kó kéré jù bẹ́ẹ̀ níbi ìdúró.

Ohun tí mítà bá sọ ló máa darí gbogbo ohun tó kù. Bí ó bá fi 15 psi hàn níbi ìdúró, tó sì ju 35 lọ ní 3,000 rpm, sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀; kò wọ́n. Bí ó bá kéré níbi ìdúró ṣùgbọ́n tó ń gòkè dáadáa bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́rọ́tù, ẹ fura sí ọ́ìlì tó ti ṣàn jù tàbí béárìn (irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí lé lórí) tó ti jẹ. Èyí tó jẹ́ ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gan-an, ìyẹn ọ́ìlì tó ti dì di ìdọ̀tí dúdú, ní ìṣe tirẹ̀: prẹ́ṣọ̀ á dára nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì, á máa lọ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, nígbà mìíràn á tiẹ̀ já wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù pọ̀, torí pọ́ǹpù ń béèrè ọ́ìlì ju èyí tó lè gba ojú asẹ́ kọjá. Ẹ pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un ta, á dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ asẹ́ já bọ́ nígbà tí pọ́ǹpù kò fà á mọ́. Asẹ́ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe fílítà tí ẹ máa ń pààrọ̀. Ó wà lẹ́nu páìpù tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì nínú sọ́ọ̀ǹpù (agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), kò sì sẹ́ni tó ń rí i àfi tí wọ́n bá sọ sọ́ọ̀ǹpù kalẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì nìyẹn, gbogbo ohun tí à ń ṣe yìí sì jẹ́ nítorí kó má baà dí.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ da ọ́ìlì 20W-50 sí i kí iná yẹn lè kú. Ó lè kú lóòótọ́. Ọ́ìlì tó ki máa ń gbé nọ́ńbà mítà sókè, ṣùgbọ́n ó tún le fún un láti gba ojú asẹ́ tó ti dí dé ìdajì kọjá, pàápàá ní òwúrọ̀ nígbà tó tutù. Ẹ ti pa ẹnu ìkìlọ̀ mọ́, àìsàn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ rí lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì kò tíì tó ẹ̀rí, nítorí ìdérí yẹn wà lára ibi tó tutù jù lókè ẹ́ńjìnnì, oríṣiríṣi nǹkan ló sì máa ń gbára jọ sí i. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. Irin tó ń dán, tó ní àbàwọ́n aláwọ̀ oyin, kò burú fún ọkọ̀ ọdún 19. Bí àbàwọ́n náà bá ti di àwọ̀ igi tó sì le bíi fáníìṣì, ọ́ìlì ti ń pẹ́ jù nínú rẹ̀ tàbí ó ti ń gbóná jù. Ibẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sikirudíráfà ha á fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bó bá fi ipa sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi ìka fa ẹrẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń bọ́ ní èékú tó gbẹ bí èédú, ó ti pẹ́ gan-an, irú èyí ló sì léwu jù fún òògùn ìfọ̀, torí kì í yọ́; ńṣe ló máa ń já bọ́ ní wóróbo.

Bí ẹ bá rí ìfófòó funfun tàbí aláwọ̀ wàrà dípò dúdú, omi ló wọ inú ọ́ìlì. Ó lè jẹ́ omi afẹ́fẹ́ tó dì sára irin tútù torí pé ọkọ̀ kì í rìn pẹ́; irú èyí máa ń wà ní abẹ́ ìdérí nìkan, ọ́ìlì orí géèjì á sì mọ́. Bí géèjì náà bá ní irú àwọ̀ yẹn, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín láìsí ibi tó ń jò sí, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́: ọ́ìlì tí omi rédíétọ̀ bá dà mọ́ kì í lè dáàbò bo béárìn.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí wọ́n ṣí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin, bóòtì tí sípánà 10 ń tú ló dì í mú, iṣẹ́ wákàtí kan ni, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan ni ẹ máa rà. Kí wọ́n wo àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà láti òkè lọ sínú sọ́ọ̀ǹpù. Bí wọ́n bá dí, ọ́ìlì á dúró lókè, ìsàlẹ̀ á sì gbẹ, ọkọ̀ á máa mu ọ́ìlì, á sì máa yọ èéfín aláwọ̀ búlúù, bẹ́ẹ̀ ríìngì ara písítìnì kò ní ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti tú nítorí ríìngì, tó jẹ́ pé ihò wọ̀nyí ló dí.

Nígbà tí ẹ bá ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní ìwé ọkọ̀ sọ pé lítà 4 ni, géèjì sì ti fi hàn pé ó kún, tí lítà 3 péré sì jáde nígbà tó ṣì gbóná: díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù nínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n lítà kan pọ̀ jù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló gbà á mọ́ra tàbí tó gba ipò rẹ̀. Ẹ tún la fílítà tí wọ́n yọ. Kí wọ́n gé agolo rẹ̀ yípo, kí wọ́n fa bébà inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ oòrùn. Ìdì dúdú tó ń rọ̀ bọrọbọrọ ni à ń retí. Bí ẹ bá rí irin tó ń dán wínníwínní bíi fàdákà tàbí bàbà, béárìn ti ń jẹ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kí ẹ dá owó ìfọ̀ dúró, kí ẹ máa wá owó béárìn tàbí ti ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ohun tó ń fà á

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹ bá fọ̀ láìwá orísun rẹ̀ á padà wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò rí ni omi. Lítà pẹtiróòlù 1 tí ẹ́ńjìnnì bá sun máa ń di nǹkan bíi lítà omi 1, ní ìrísí ooru. Èyí tó pọ̀ jù ń bá ẹ̀sọ́ọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì wọlé sí sọ́ọ̀ǹpù pẹ̀lú èéfín àti epo tí kò jóná. Bí ọ́ìlì bá gbóná tó, bíi 90 sí 110°C, omi yìí á gbẹ jáde. Ìṣòro ni pé ọ́ìlì kì í tètè gbóná bí omi rédíétọ̀. Abẹ́rẹ́ ooru lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lè ti dé àárín, kí ọ́ìlì ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìrìn ìṣẹ́jú 10 ló ń rìn láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í gbẹ omi rẹ̀ rárá. Àwọn kan wá ń fi í sílẹ̀ lójú kan fún ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀ kó lè “gbóná”. Èyí tún burú sí i, torí ẹ́ńjìnnì tútù máa ń gba epo ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí kò bá jóná á sì wẹ ògiri sílíńdà wọ inú ọ́ìlì. Ẹ ta á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Èkejì ni thermostat, fáàfù tí ooru ń ṣí lójú ọ̀nà omi rédíétọ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ ọ́ sọnù nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ọkọ̀ á sì rìn, olówó á dúpẹ́. Thermostat tó sábà ń ṣí láàárín 82 sí 90°C ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì yín á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò jí tán. Bí abẹ́rẹ́ ooru yín kì í bá dé àárín lójú ọ̀nà tó já geere, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó wà níbẹ̀.

Ooru tó pọ̀ jù náà ń ba ọ́ìlì jẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ooru bá fi 10°C lé, ìyára tí afẹ́fẹ́ fi ń ba ọ́ìlì jẹ́ ń di bí ìlọ́po méjì. Nítorí náà ọkọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ dín sí lítà 2.5 dípò 4 ń fi ọ́ìlì díẹ̀ gbé ooru kan náà, kíákíá ló sì ń gbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì tó ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ ẹ́ńjìnnì): ọ́ìlì tó dúró sínú turbo tó gbóná pípọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá pa á lójijì máa ń jóná di èédú. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan níbi ìdúró kí ẹ tó pa á.

Ẹ̀ka tó ṣe pàtàkì jù, tí wọn kì í sì í wò, ni fáàfù PCV. Òun ló ń fa èéfín, omi àti epo inú sọ́ọ̀ǹpù jáde lọ sínú intake (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) kí wọ́n lè jóná. Bó bá dí, gbogbo wọn á dúró sínú ọ́ìlì. Prẹ́ṣọ̀ á gbéra nínú sọ́ọ̀ǹpù, á sì máa ti ọ́ìlì jáde lára síìlì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ óò pààrọ̀ síìlì lónìí, ó tún ń jò lóṣù tó ń bọ̀. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Ẹ yọ ọ́, ẹ mì í: ó yẹ kó dún kọ̀ǹkọ̀ǹ. Ẹ tún fi páìpù rẹ̀ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lójú kan, ẹ fi ìka di ẹnu rẹ̀, kó fa ìka yín. Tàbí kí ẹ dá a padà sáyè rẹ̀, kí ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ sì fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ihò náà: ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bébà á lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bí ihò bá ń fẹ́ bébà dànù, yálà PCV ti dí tàbí ríìngì ti ń jẹ. Páìpù rọ́bà tó so mọ́ ọn ṣe pàtàkì bákan náà, torí rọ́bà tó ti rọ̀ máa ń pa ara dé tí afẹ́fẹ́ bá fà á. Ọkọ̀ mìíràn kò ní fáàfù. Ihò kékeré kan tàbí àpótí tó ń ya ọ́ìlì sọ́tọ̀ ló ní, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ ìyẹn. Fún ọkọ̀ tó ti pẹ́, mo fara mọ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ PCV ní gbogbo 50,000 kìlómítà, yálà ó dún kọ̀ǹkọ̀ǹ tàbí kò dún.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n gba orúkọ burúkú nítorí ọ̀rọ̀ yìí. 1MZ-FE onílítà 3.0 ti Toyota láàárín 1997 sí 2002, àti 5S-FE onílítà 2.2 láàárín 1997 sí 2001. Ní 2002 Toyota gbà láti tún wọn ṣe fún àwọn olówó ọkọ̀ títí ọdún 8 láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà. Volkswagen Passat àti Audi A4 tó ní 1.8T náà wà níbẹ̀, torí ọ́ìlì wọn kéré fún ooru turbo. Ẹ tún ka V6 onílítà 2.7 ti Chrysler mọ́ wọn, àti Saab 9-3 pẹ̀lú 9-5 tí asẹ́ inú sọ́ọ̀ǹpù wọn máa ń dí. Bí tiyín bá wà lára wọn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì falẹ̀ rárá.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́

Bí mítà bá dára, tó sì jẹ́ pé ìpele tín-ín-rín ló wà lókè, ọ́ìlì tuntun ló máa ṣe iṣẹ́ náà. Ọ́ìlì tó dára ní èròjà tó ń wẹ irin àti èyí tó ń gbé ìdọ̀tí lọ́wọ́ kó má baà dì. Ìgbà tí èyí kejì bá tán ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń jókòó. Ẹ wá ọ́ìlì tó ní àmì API (àmì ìpele ọ́ìlì) SN tàbí SP, ní oríṣi kíki tí ìwé ọkọ̀ yín sọ. Ẹ sá fún èyí tó ní SA tàbí SB lára agolo, ti ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ lò ó fún 1,500 kìlómítà, ẹ dà á nù pẹ̀lú fílítà. Ẹ tún ṣe 1,500 mìíràn, lẹ́yìn náà 3,000, kí ẹ tó dúró lórí 5,000. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ fílítà nìkan nígbà tó bá di 500, torí ìgbà yẹn ló ń gbá ìdọ̀tí jọ jù. Fílítà tó dí ní fáàfù tó máa ń ṣí kí ẹ́ńjìnnì má baà gbẹ, ọ́ìlì tí wọn kò sẹ́ ló sì ń gba ibẹ̀ lọ sí béárìn. Ó ń lọ́ra, ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ìdọ̀tí ń yọ́, kì í wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Irú ẹ́ńjìnnì yìí nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n da òògùn ìfọ̀ sí. Inú ọ́ìlì àtijọ́ tó ti gbóná ni wọ́n ń dà á sí, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú tí agolo bá sọ, tó sábà ń jẹ́ 5 sí 15, láìtẹ tọ́rọ́tù, láìwa ọkọ̀, wọ́n á sì dà á nù lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù nínú ihò ẹ́ńjìnnì, torí náà ọ́ìlì tuntun yẹn kò gbọdọ̀ pẹ́ ju 1,000 kìlómítà lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ìdọ̀tí rẹ̀ nípọn, òògùn yìí á já wóróbo ńlá bọ́, ojú asẹ́ ni wọ́n sì máa kó jọ sí. Ẹ̀rù tó ń ba mẹkáníìkì yín kejì nìyẹn.

Ti kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì ńkọ́? Wọ́n ń tú ìdọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ìlì di omi, béárìn tó ti gbó sì nílò kí ọ́ìlì wà láàárín òun àti crankshaft (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ní gbogbo ìgbà. Pẹtiróòlù kò tiẹ̀ yẹ ní jíjíròrò: ooru rẹ̀ nínú sọ́ọ̀ǹpù lè gbiná.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bíi tiyín, tí mítà sì jẹ́rìí sí i, kí wọ́n sọ sọ́ọ̀ǹpù kalẹ̀. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n da ọ́ìlì nù, kí wọ́n tú bóòtì rẹ̀ yípo; lára ọkọ̀ mìíràn, páìpù ẹ̀sọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ kúrò lọ́nà. Bó bá jẹ́ sílíkóònù ló lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé e, kí wọ́n má fi sikirudíráfà gbé e, torí álúmíníọ́mù tó bá ti gbọgbẹ́ á máa jò títí ayé. Kí wọ́n tú páìpù asẹ́ náà, bóòtì méjì tàbí mẹ́ta ni. Kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ níta, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ láti inú síta, títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba gbogbo ihò rẹ̀ kọjá. Rọ́bà róbótó tó wà níbi tó ti wọ pọ́ǹpù gbọdọ̀ jẹ́ tuntun. Bó bá ti le tó sì ya, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ níbẹ̀, iná á sì tún ṣẹ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀ lórí asẹ́ tó mọ́ tónítóní.

Lókè, lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, kí wọ́n fi aṣọ tí kì í já fọ́nrán dí ihò ọ́ìlì àti ibi tí ṣéènì gbà sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdọ̀tí. Ike ni kí wọ́n fi ha á. Búrọ́ọ̀ṣì onírin máa ń já irun irin sílẹ̀. Èyí tó bá bọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fà á jáde. Kò pọn dandan kí irin funfun báláú: ìdì tó lè já bọ́ ni ọ̀tá, àbàwọ́n tó ti lẹ̀ pẹ́tí kò ní ṣe nǹkan kan.

Nígbà ìtúnṣe, sílíkóònù tó nípọn tó mílímítà 3 tó. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń tú u jáde bí ẹni ń fi símẹ́ńtì mọlé. Èyí tó bá yọ sínú á gbẹ, á já, ojú asẹ́ ló sì ń gbà lọ. Bóòtì kékeré wọ̀nyí kò gbà ju 8 sí 10 N·m (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dì í), àyàfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí sílíkóònù gbẹ fún iye wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó da ọ́ìlì. Kí wọ́n wá yọ fíúsì epo, kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é, títí mítà yóò fi gbéra. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n dá fíúsì padà. Bí asẹ́ bá mọ́ tí prẹ́ṣọ̀ ṣì kéré nígbà tó gbóná, béárìn tàbí pọ́ǹpù ló kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ tẹ̀ lé ètò 1,500 kìlómítà tí mo sọ lókè.

Látìgbà náà lọ, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà tàbí oṣù 6, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọ́ìlì synthetic máa ń fara da ooru jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó ti ní ìtàn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ sún ọjọ́ síwájú lọ sí 10,000. Ẹ máa fa géèjì yọ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rìn fún bíi ìṣẹ́jú 30 láìdúró, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá ń mísì, ẹ tètè tún púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì rẹ̀ ṣe, torí epo tí kò jóná ní sílíńdà kan ń lọ sínú ọ́ìlì.

Ọkọ̀ àlòkù fún ìyàwó yín

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ta ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò ọ́ìlì, ẹ sì wo irin géèjì: irin tó ti di àwọ̀ igi látòkè délẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń pẹ́ tó. Ọ́ìlì tó mọ́ lóló kò jẹ́rìí nǹkan kan, ó lè jẹ́ àná ni wọ́n dà á sí i. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìta á. Iná ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹnì kan lè ti yọ wáyà sẹ́ńsọ̀. Bí ẹ bá ta á, kó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, kí ariwo tákítákí òkè ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ láìpẹ́. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú 20, ẹ dúró, ẹ wo iná náà níbi ìdúró, kí ẹ wá ṣe ìdánwò bébà. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo dárúkọ, ẹ san owó gásíkẹ́ẹ̀tì kan fún olówó ọkọ̀ kí mẹkáníìkì yín lè ṣí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Bí kò bá gbà, ẹ wá òmíràn.